Ṣọ́jà Tó Kọ̀ Tí Kò Fọ́

Lórí òkè tó ga jù nínú ìlú náà ni wọ́n gbé ṣọ́jà onírin ńlá kan sí lẹ́yìn ogun, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ìbọn léjìká, ó ń wo gbogbo òrùlé bí onílé tó wá gba owó ilé. Ìdajì ìlú ní òun ló gba àwọn lọ́wọ́ ọ̀tá. Ìdajì kejì ní òun gan-an lọ̀tá. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń sọ yìí sì ni ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ dìbò bóyá kí wọ́n wó o tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, Ìyá Alámọ̀, tó ń fi amọ̀ mọ ṣọ́jà kéékèèké tà fún àwọn tó ń gun òkè wá, ń fi ọ̀dà dúdú kun bàtà wọn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàrà.

Kánsẹ́lọ̀ ló wọlé, ọkùnrin tí ará ìlú ń pè ní Àdán lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹgbẹ́ eku ló wà tàbí ẹgbẹ́ ẹyẹ. Ó ń tiro. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó sì há nǹkan kan mọ́ abíyá.

"Ẹ káàbọ̀, Kánsẹ́lọ̀ wa. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

"Mi ò mu omi. Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Èmi kẹ̀? Oore lẹ máa ń ṣe mí."

Ó da àpò ọ̀rá náà dé sórí tábìlì. Àfọ́kù amọ̀ ló dà jáde: apá kan, ìlàjì fìlà, imú kan tó dá wà.

"Háà," ni Ìyá Alámọ̀ wí. "Ó fọ́."

"Ó fọ́!"

"Ẹ kú oríire o."

"Oríire wo?"

"Ṣebí kó lè fọ́ lẹ ṣe rà á?"

"Kì í ṣe èyí ló yẹ kó fọ́!" Ó fa nǹkan yọ lábẹ́ abíyá, ó gbé e kalẹ̀ gbì. Ṣọ́jà amọ̀ ni, odindi, láti orí fìlà dé bàtà, kò sí ohun tó ṣe é ju ọ̀dà díẹ̀ tó bó nímú rẹ̀. "Èyí ló yẹ kó fọ́!"

Ìyá Alámọ̀ gbé ṣọ́jà náà wò, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oríṣi méjì ni ṣọ́jà tó ń mọ, bí ìbejì ni wọ́n sì ṣe jọra lójú. Ọ̀kan nípọn bí ìdí odó, fún àwọn tó fẹ́ràn ṣọ́jà, kí ọmọ lè fi ṣeré kó má ṣẹ́. Èkejì fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, fún àwọn tó kórìíra rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ fọ́ nǹkan lójú agbo kì í fẹ́ kó gbà á lásìkò. Apá ọ̀tún ni ti olùfẹ́, apá òsì ni ti olùkórìíra. Àárọ̀ àná ló kó gbogbo wọn sílẹ̀ láti gbá jàǹkárìwọ̀ lórí pẹpẹ, ìgbà tó sì ń kó wọn padà, ọ̀dọ̀ ògiri ló kọjú sí. Ọ̀tún ti di òsì.

Bó bá sì jẹ́ oníbàárà mìíràn ni, ẹ̀rín ni ì bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ kí wọ́n wó ṣọ́jà ńlá, àwọn mẹ́rin fẹ́ kó dúró, ìbò tó ṣẹ́kù sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tiro níwájú rẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá wó ti ńlá, ta ni yóò gun òkè wá ra ti kékeré? Kánsẹ́lọ̀ ló mú ọ̀bẹ, òun ló mú iṣu. Ìyá Alámọ̀ rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Bóyá ẹ ò gbá a mọ́lẹ̀ dáadáa ni," ló wí.

"Mo gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni tó pa bàbá mi!"

"Ṣé òun kọ́ ló pa bàbá yín ni?"

"Bàbá mi wà nílé, ó ń jẹun."

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn àgbà ṣọ́jà, àwọn tó jagun tí wọ́n fẹ́ kó dúró, pé bàbá yín bá wọn jagun."

"Ó bá wọn jagun láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n wó o, wọ́n pa á."

"Kí ni bàbá yín ṣe gan-an lásìkò ogun?"

Kánsẹ́lọ̀ wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Títí ogun fi parí?"

"Títí wọ́n fi wá sọ fún un pé ó ti parí. Kò gbà wọ́n gbọ́."

"Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni."

"Ìyá, ẹ má yí ọ̀rọ̀ dànù! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lánàá. Láàárọ̀, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ṣọ́jà. Wọ́n jókòó, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n kó àmì ẹ̀yẹ sáyà, tíì wà níwájú wọn. Mo dìde. Mo gbé ṣọ́jà yín sókè báyìí. Mo ní, 'Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣì lágbára, ṣọ́jà yìí kò ní ṣubú láé!' Mo wá fún un mọ́wọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé òótọ́ inú ni mo fi ń sọ ọ́."

"Háà. Ẹ fún un mọ́wọ́."

"Ó fọ́ pẹ́ú! Orí rẹ̀ bọ́ sínú tíì alága wọn."

Ìyá Alámọ̀ fi etí ìró bo ẹnu. "Kí ni alága ṣe?"

"Ó fi ṣíbí yọ ọ́. Ó nù ún gbẹ. Ó ní, 'Ọmọ mi, kí lo fi ọ̀gágun wa ṣe?'"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn? Nínú ilé?"

"Kí ni kí n wí? Mo sá jáde. Mo ní kò burú, wọ́n ṣì kù lápá kejì. Nírọ̀lẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n wó o. Èrò pọ̀ bí omi. Mo gun orí àga. Mo gbé èyí sókè. Mo ní, 'Ẹ wò ó! Báyìí la ó ṣe fọ́ ọ!' Mo là á mọ́lẹ̀."

"Ó wá?"

"Ó ta sókè, ó padà wá bá mi."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Táìsì tó wà nílẹ̀ ló fọ́. Mo gbé e sókè tán ni mo fi gbogbo agbára mi sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ó wá fọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ló fọ́!" Ó nàka sí báńdéèjì. "Mo ń ké lórí ìjókòó, ṣọ́jà nàró nílẹ̀, ó ń wò mí. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó ti ń bú ṣọ́jà yìí látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé òkè. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó kúnlẹ̀. Ó ní, 'Ṣọ́jà, dárí jì mí, mi ò mọ̀ pé bó o ṣe le tó nìyí.' Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Mo lọ wó ṣọ́jà, mo di ẹni tó mú wọn kúnlẹ̀ fún un!"

Ìyá Alámọ̀ yíjú sí pẹpẹ, ó ń to ohun tó ti wà létò tẹ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ̀rín lẹ ń rín!"

"Ikọ́ ni. Erùpẹ̀ amọ̀ ni."

"Ó dáa. Ẹ nu ojú yín, ẹ dìde. Ẹ ó tẹ̀ lé mi lọ sí gbọ̀ngàn ìlú báyìí. Tọ̀tún tòsì ló ti péjọ síbẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n ń jẹ lẹ́nu bí obì. Ẹ ó dúró láàárín wọn, ẹ ó ní ẹ̀yin lẹ gbé ọjà fún mi lódì."

"Kí n ní èyí tó yẹ kó fọ́ ni kò fọ́, èyí tí kò yẹ kó fọ́ ló fọ́?"

"Ẹ ṣé! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Wọ́n á wá bi mí pé, 'Ìyá, ta ló ra méjèèjì?'"

Kánsẹ́lọ̀ tún báńdéèjì rẹ̀ so.

"Ẹ ní ẹlòmíràn ló ra èkejì."

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n yín tó ti kú?"

"Òkú kì í jiyàn."

"Ìdí tí wọ́n fi ń mọ ère wọn nìyẹn," ni Ìyá Alámọ̀ wí. "Kánsẹ́lọ̀, ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ẹ ò gbọ́ ọ rí ni?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Ojú Kánsẹ́lọ̀ ṣàdédé mọ́lẹ̀, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù tó wá bá a nínú àpò ara rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Ṣé àwọn àgbà ṣọ́jà mọ̀ pé ẹ ń mọ èyí tó fẹ́lẹ́ fún àwọn tó ń fọ́ ọ?"

Ìyá Alámọ̀ ń ṣa àfọ́kù orí tábìlì jọ.

"Àwọn tó ń fọ́ ọ ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ń mọ èyí tó le fún àwọn tó ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n? Tọ̀tún ní ti àwọn lẹ ń ṣe, tòsì ní ti àwọn lẹ ń ṣe. Ta ni Àdán nínú wa báyìí?"

"Ẹ̀yin ń jà nítorí ère, èmi ń jẹ èrè. Ta ni mo pa lára?"

"Èwo ló ń tà jù?"

"Èwo nínú kí ni?"

"Èyí tó nípọn àbí èyí tó fẹ́lẹ́?"

Ó fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n ọjà ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń parọ́ mọ́ láìka ẹ̀rí-ọkàn sí. "Èyí tó fẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀kan ló ń rà, á gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ó parí, a ò tún ríra mọ́. Ẹni tó kórìíra rẹ̀, tó bá ti fọ́ ti òní tán, á padà wá lọ́la. Oníbàárà gidi ni wọ́n."

"Ìyẹn ni pé bí ìlú bá fẹ́ràn ara wọn..."

"Ebi á pa mí kú."

"Bí wọ́n bá sì wó o?"

"Ebi á pa mí kú."

"Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pátápátá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí?"

"Kánsẹ́lọ̀," ni Ìyá Alámọ̀ wí, "jókòó."

Ó jókòó.

"Mu omi."

Ó mu ún, ó sì gbé ẹsẹ̀ tó wú náà lé orí àpò amọ̀. Ariwo èrò ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, kò yé ènìyàn bóyá orin ni wọ́n ń kọ tàbí èébú ni wọ́n ń bú. Lókè orí wọn, òjìji ìbọn ṣọ́jà ńlá gba ojú fèrèsé kọjá.

"Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Apá ibo lẹ wà gan-an?"

"Inú ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ mọ ohun tí mò ń bi yín."

Ìyá Alámọ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun bàtà ṣọ́jà mìíràn. "Ìyá mi ní àbúrò ọkùnrin méjì. Ọ̀kan wà nínú àwọn tó bá ṣọ́jà yìí wọ̀lú. Èkejì wà nínú àwọn tí wọ́n ń lé. Bọ́ǹbù kan náà ló pa wọ́n, lójú títì kan náà. Àwọn tó wá ṣa wọ́n kò mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ yìí àti apá tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọ̀hún. Inú ihò kan ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí màmá mi bá lọ síbẹ̀, ẹkún ẹ̀ẹ̀kan ló ń sun. Ó ní òun ò ní sunkún lẹ́ẹ̀mejì lórí ihò kan."

Kánsẹ́lọ̀ gbé ife omi sílẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"O ò bèèrè. Ẹni tó bá wọ ibí, èyí tó fẹ́ rà ló ń bèèrè."

"Níbo ni ihò náà wà?"

"Ibi tó o páàkì mọ́tò rẹ sí."

Kánsẹ́lọ̀ yọjú lójú fèrèsé. Mọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀ láàárín àwọn mìíràn, ó ń dán nínú oòrùn, lórí kọnkéré tí ìgbìmọ̀ ìlú dà kí àlejò tó bá wá kí akọni lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí.

"Ṣé kí n lọ gbé e kúrò?"

"Fi í sílẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára."

Kánsẹ́lọ̀ tiro padà lọ jókòó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí pé àìsọ̀rọ̀ a máa ṣe irú rẹ̀ bí ìyà.

"Bí mo bá dìbò pé kí wọ́n wó o, àwọn àgbà ṣọ́jà á fi ọ̀pá lù mí. Bí mo bá dìbò pé kó dúró, àwọn tó kù á fi òkúta lù mí. Èwo ló sàn?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀," ni Ìyá Alámọ̀ wí lójijì.

"Ó ṣì ń ro mí gidigidi."

"Kì í ṣe tìrẹ. Ti ṣọ́jà. Ẹsẹ̀ kan wà lókè. Ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ń lọ?"

"Ó kọjú sí ìlú. Ó ń bọ̀ ni."

"Ìwọ tó o bá ń jáde níwájú àwọn àgbàlagbà, ṣé ẹ̀yìn lo máa ń kọ sí wọn?"

"Rárá o. Màá fi ẹ̀yìn rìn ni títí..." Kánsẹ́lọ̀ dúró. Ó wo òkè, bí ẹni pé ojú rẹ̀ lè gba inú òrùlé kọjá. "Háà. Ìyá. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ!"

"Ta ló mọ̀? Bó bá jẹ́ pé ó ń lọ ni, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní ó ti parí iṣẹ́, ó ń fi ọ̀wọ̀ dágbére. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ á ní a dúpẹ́, ó ti ń lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń bọ̀ ni, a jẹ́ pé kò tíì dé. Ẹni tí kò tíì dé, kí ni wọ́n fẹ́ wó?"

"Ṣùgbọ́n ta ló máa wádìí rẹ̀?"

"Ìgbìmọ̀."

"Ìgbìmọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ máa gbé kalẹ̀. Kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n wò ó lójò, kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀rùn. Èyí tí ẹ gbé kalẹ̀ lórí kànga ọjọ́sí, ṣé wọ́n ti parí?"

"Kànga náà ti gbẹ."

"Ìgbìmọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń jókòó lọ́wọ́."

"O ò rí i."

Ọgbọ́n náà wọ Kánsẹ́lọ̀ lára bí oúnjẹ gbígbóná. Ó tún ara jó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó dìde nàró, ó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún jókòó.

"Alága ìgbìmọ̀ ìlú ni."

"Gbé e."

Ìyá Alámọ̀ di búrọ́ọ̀ṣì mú láìkun nǹkan kan. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti pẹpẹ, àti ààrò, àti àwọn ọdún tó fi mọ ìbọn kéékèèké sí èjìká, ló wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ọkùnrin náà gbé mọ́ etí.

"Ẹ n lẹ́, sà," ni Kánsẹ́lọ̀ wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ojú ọ̀nà ni mo wà." Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé dáadáa lórí àpò amọ̀. "Rárá, sà, mi ò ní dìbò kí wọ́n wó o... Rárá, mi ò ní dìbò kó dúró... Ara mi yá, sà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ bá mi bi gbogbo wọn: ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ń lọ?... Ṣọ́jà, sà... Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀... Mo dúró."

Ó dúró. Ìyá Alámọ̀ náà dúró. Nínú fóònù, ariwo ńlá kan sọ, ó dàgbà, ó pín sí méjì, àwọn méjèèjì ń jà. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ tó dún bí òjò lórí páànù.

"Kí nìyẹn?" ni Ìyá Alámọ̀ bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n ń pàtẹ́wọ́."

"Àwọn ti ibo?"

"Gbogbo wọn!" Ó pa fóònù, ojú rẹ̀ ń tàn. "Àwọn àgbà ṣọ́jà ní mo ti gbà á sílẹ̀. Àwọn tó kù ní mo ti ń lé e lọ. Wọ́n ti da ìbò nù, wọ́n ti fi mí ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ẹsẹ̀!"

Ìyá Alámọ̀ mí kanlẹ̀, irú èémí tí obìnrin ń mí bí ọmọ rẹ̀ bá ti inú ibà jáde. Ìjà kò parí. Ṣọ́ọ̀bù yóò ṣí lọ́la. Ó tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n Kánsẹ́lọ̀ kò lọ. Ó dúró níwájú dígí kékeré tó wà lára ògiri, ó ń yí ojú síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyá."

"Mò ń gbọ́."

"Ẹni tó bá parí ìjà ìlú, ṣé kò yẹ kí wọ́n gbé ère tirẹ̀ náà kalẹ̀? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́jà. Kò pọn dandan kó ga jù ú lọ. Kí wọ́n kàn jọ ga."

"Ó lè ṣẹlẹ̀."

"Kó tó ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ lè mọ tèmi? Kékeré báyìí. Tí ẹ ó máa tà á pẹ̀lú tirẹ̀."

Ìyá Alámọ̀ gbójú sókè. Ó wò ó láti orí dé báńdéèjì, bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ tí kò tíì gé. Ó ronú lórí àwọn tó wà ní ọ̀tún, ó ronú lórí àwọn tó wà ní òsì, ó rántí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò mọ̀ pé Ìgbìmọ̀ Ẹsẹ̀ náà kò ní parí iṣẹ́ láé. Ó bu amọ̀ ńlá kan jáde látinú àpò.

"Dúró síbi ìmọ́lẹ̀. Má rẹ́rìn-ín, eyín ṣòroó mọ."

"Ṣé ẹ máa ṣe púpọ̀?"

"Púpọ̀ gan-an. Mi ò rò pé èyí tí mo máa ṣe á tó wọn."

"Ẹ ṣé, Ìyá! Àwọn wo lẹ rò pé wọ́n máa rà á? Tọ̀tún àbí tòsì?"

"Gbogbo wọn. Ìwọ lo máa sọ wọ́n di ọ̀kan."

Kánsẹ́lọ̀ gbé àgbọ̀n sókè, ó na àyà, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tó fi rí i bó ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ náà, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tó tún ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé.

"Ìyá! Gbogbo rẹ̀ lẹ máa ṣe ní fẹ́lẹ́ ni? Ẹ ò ní ṣe èyí tó nípọn, fún àwọn tó fẹ́ràn mi?"

Ìyá Alámọ̀ dá ọwọ́ dúró, nítorí pé kì í fẹ́ rẹ́ oníbàárà jẹ.

"Màá ṣe ọ̀kan. Ìyá rẹ ṣì wà láyé, àbí?"